Májẹ́wébalẹ̀ àti Ilé Àkókó

Ọjọ́ tí baálé mi kọ́kọ́ wá sílé wa láti sọ fún àwọn òbí mi pé èmi ni òun fẹ́ fẹ́, kò tètè kan ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ to gbogbo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní méjìméjì, ó kọjú wọn síta, ó sì fi èékánná ha ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ara ti bàbá mi. Ìyá mi ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Èyí kò ní fìyà jẹ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o jókòó." Ọlọ́run a máa lo ẹnu àgbà. Méjèèjì ló ṣẹ.

Ọgbà ìgbafẹ́ ìlú wa ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tí ì kún. Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Májẹ́wébalẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n ní bí ewé bá já lórí igi, kò ní tí ì dé ilẹ̀ tí yóò ti na ìgbálẹ̀ sí i. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bù mọ́ ọn. Mo ti fojú ara mi rí i tó dúró lábẹ́ igi kan, tó gbójú sókè, tó ń retí ewé kan tó ti pọ́n, bí ẹni tó ń retí ọmọ tó pẹ́ dé láti ilé ìwé.

Bákan náà ló rí nílé. Bí o bá ń jẹ búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa, má ṣe jẹ́ kí èérún rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Yóò gbá a, yóò gbá abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, bí o kò bá sì tètè gbé ẹsẹ̀, yóò gbá ìwọ náà mọ́ ọn. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, oníkálukú ti wà nílé tirẹ̀. Àkọ́bí wa obìnrin jẹ́wọ́ fún mi lórí fóònù pé nǹkan àkọ́kọ́ tí òun ṣe nígbà tí òun dé ilé ọkọ ni pé òun da ìwé ìròyìn káàkiri yàrá, òun jókòó sí àárín rẹ̀, òun sì mí kanlẹ̀.

Ọgbà náà ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Iwájú ni koríko gígé wà, àti àwọn bẹ́ńṣì, àti adágún omi tí àwọn ọmọdé ti ń ju oúnjẹ sí pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀yìn adágún ni igbó kékeré kan wà, tí igi rẹ̀ ga, tó lọ títí dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan. Nínú igbó yìí ni ọkàn baálé mi ń gbé. Ó gbà pé àwọn àlejò ló ni iwájú, ṣùgbọ́n òun ló ni ẹ̀yìn. Bí gbólóhùn asọ̀ bá wáyé láàárín èmi àti òun, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Bí ó bá fi máa dé, ojú rẹ̀ á ti rọ̀, màá sì mọ̀ pé igbó ti bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti lọ sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá báyìí, ló sọ fún un pé igi tó bá kú nínú ọgbà, ìtìjú ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ni. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di májẹ̀mú mú. Igi tó bá kú, yóò gé e. Ẹ̀ka tó bá wó, yóò gbé e. Ewé yóò wọ inú kòtò, yóò sì fi iná sí i. Ìtì igi tó bá ṣì lè jó dáadáa, yóò fi bárò tì í wá fún mi, tàbí fún ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkóríta wa. Abẹ́ igi nínú igbó yẹn mọ́ ju yàrá àwọn kan tí mo mọ̀ lọ. Àlejò kan tilẹ̀ bọ́ bàtà kí ó tó wọ ibẹ̀. Baálé mi sọ ìyẹn fún mi títí ó fi di ìtàn ilé. Ẹni àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run dá, inú ọgbà ni Ó fi òun náà sí, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ níbi kankan pé Ó gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo sọ èyí fún baálé mi lọ́jọ́ kan. Ó ní bóyá ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi lé e jáde.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún nínú igbó náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹyẹ àkókó máa ń kan igi níbẹ̀ láràárọ̀. Ẹyẹ á máa fi ẹnu kan tirẹ̀ lókè, òun á máa gbá tirẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́ lọ bí ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá kan náà. Nígbà tó yá, ìró náà dín kù. Nígbà tó tún yá, ó dákẹ́. Baálé mi ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé rédíò wọ ọgbà ni wọ́n fi ariwo lé ẹyẹ òun lọ. Bí ó bá ti ń sọ ọ́, á ní kí n wo ayé, kí n wo bí ilé ṣe lè mọ́ tó báyìí kí ẹyẹ má sì lè gbé e. Èmi á ní pẹ̀lẹ́.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kánsù fi bẹ́ sílẹ̀. Kánsù ní ọkọ̀ ti pọ̀ ju ojú títì lọ, igbó ẹ̀yìn adágún kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n gé e, kí wọ́n da ọ̀dà sí i, kí ó di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀gá ọgbà lọ bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin tó kéré sí baálé mi ni, tó máa ń so táì bí oòrùn tilẹ̀ ń yọ́ ọ̀dà. Wọ́n ní kò burú, kí ó wá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí yóò yẹ igbó náà wò. Bí òjò ọdún náà bá fi máa dá, tí onímọ̀ náà bá lè fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí kan ń gbé ibẹ̀ tó ṣòro láti rí níbòmíràn nínú ìlú, kí igbó dúró. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí ayùn wọlé.

Baálé mi dé lọ́jọ́ náà, kò gbálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

"Ìyá wọn," ó ní, "bí wọ́n bá gé igbó yẹn, kí ni mo ti ń gbá láti àárọ̀ ọjọ́ mi?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà fún igbó. Bí mo ti wà níbẹ̀, mo fi orúnkún òsì baálé mi kún un, nítorí ẹ̀bẹ̀ lórí orúnkún náà ti di ojoojúmọ́ fún mi. Ó ti ń dùn ún ọjọ́ pẹ́. Ilẹ̀ títẹ́jú kò yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò gba òkè rárá. Nítorí orúnkún yìí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ìparí igbó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé ibẹ̀ ti bo kókósẹ̀, igi ńlá kan sì kú síbẹ̀ lóòró, tó funfun bí eegun, tó tẹ̀ wá síhà ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ó bá ní kí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ gé e, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ẹ mọ irú "à ń bọ̀" bẹ́ẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè náà, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ènìyàn ṣe ń ṣe fún ìbátan tí kò fẹ́ kí àlejò rí.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dé. Obìnrin ni, kò ju àkọ́bí wa lọ, bàtà òjò gígùn ló wọ̀, ó sì gbé awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà kọ́rùn. Ìmọ̀ nípa ẹyẹ ló kà títí ó fi di dókítà. Mo bi baálé mi bóyá ó ń gún ẹyẹ lábẹ́rẹ́ ni. Ó ní rárá, ó ń wò wọ́n ni. Mo ní ó dáa, iṣẹ́ pọ̀ láyé.

Dókítà pín igbó náà sí ojúlé ojúlé. Ó ri àsíá pupa kéékèèké mọ́lẹ̀, ó sì so àwọn kámẹ́rà mọ́ igi, irú èyí tó máa ń ya ohunkóhun tó bá kọjá níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nídìí àsíá kọ̀ọ̀kan, nísàlẹ̀ àti lórí òkè, ó kó ewé gbígbẹ àti ìtì igi jíjẹrà tó fi ọkọ̀ gbé wá láti ibòmíràn lélẹ̀. Ó fẹ́ mọ irú kòkòrò tí yóò wá sínú wọn, àti bóyá bí kòkòrò bá wá, ẹyẹ yóò tẹ̀lé e. Ọ́fíìsì ló ṣàlàyé gbogbo èyí fún. Ọ̀gá ọgbà wá kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó tún táì ṣe, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan Dókítà. Ó parí síbẹ̀.

Gbogbo wọn gbọ́, ṣùgbọ́n ti baálé mi ló wọlé jù. Ohun tó gbọ́ ni pé Dókítà ló ni kámẹ́rà, Dókítà ló ni àsíá. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé Dókítà ló ni igi jíjẹrà. Àní bí wọ́n bá sọ ọ́, n kò rò pé yóò gbà á gbọ́. Ta ni yóò kàwé dé ibi tí ìwé parí sí, tí yóò wá máa ru igi jíjẹrà kiri?

Nítorí náà, bí ó ṣe dé igbó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó rí ìdọ̀tí nídìí àsíá Dókítà, inú bí i dé ọpọlọ. Ó kó ìtì igi sínú bárò, ó gbá ewé, ó fi iná sí i. Kò fọwọ́ kan àsíá kankan, àfi àwọn tó wọ́, ó tún wọn rì kí wọ́n lè tò gbọọrọ. Ní ti kámẹ́rà, eruku wà lójú wọn. Ó yọ aṣọ ìnujú funfun rẹ̀, ó nu ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò kì í bá ilé dídọ̀tí lọ́wọ́ baálé mi.

Dókítà dé, kò bá igi. Ó tún gbé òmíràn wá. Baálé mi dé, ó bá igi. Ó tún kó o. Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ. Bí ó bá délé, á ní iṣẹ́ ọwọ́ kánsù ni, wọ́n fẹ́ sọ igbó di ààtàn kí Dókítà lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààtàn ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ilẹ̀ lè mọ́ kí Dókítà tó dé. Èmi ni mò ń di búrẹ́dì fún un, mo sì ń ṣépè díẹ̀ fún kánsù lábẹ́ ètè, Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣé ẹ mọ ohun tí Dókítà náà ń rò? Ó ń rò pé kánsù ló ń rán olè wá jí igi òun kí ìwádìí òun lè dàrú.

Àwọn méjèèjì pàdé lẹ́bàá adágún lọ́jọ́ kan.

"Bàbá," Dókítà ní, "ẹnì kan wà tó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ nínú igbó yìí."

"Dókítà, mo ti ń rí ọwọ́ ẹni náà. Èmi náà ń bá a jà."

"Ẹ̀ ń bá a jà?"

"Láràárọ̀. Kí ẹ tó dé ni."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Ó bu búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún un ní ìdajì. Baálé mi jẹ ẹ́ tán, ó ṣa èérún rẹ̀, ó lọ bá Ọ̀gá ọgbà ní ọ́fíìsì, ó sì rọra sọ fún un pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, kí Ọ̀gá yẹ àárín àwọn òṣìṣẹ́ wò dáadáa. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń pa òwe náà fún obìnrin tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó sì ń wò ó bí ọ̀daràn.

Ọ̀rọ̀ dé ojú ọ̀gbagadè nígbà tí òjò ti wọ inú dáadáa. Dókítà kì í fẹ́ ṣí kámẹ́rà lemọ́lemọ́, nítorí òórùn ènìyàn a máa lé ẹranko. Ìgbà yìí ló tó ṣí wọn. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá wo àwòrán náà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá, ó ní ojú ẹni tó ń jí igi òun á hàn níbẹ̀. Baálé mi wá mú mi nílé. Ó ní kí n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, nítorí òun mọ̀ pé wọn yóò dárúkọ òun lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n gbé àwòrán sára ògiri. Àkọ́kọ́ tó yọ, ojú ńlá kan ni, ojú kan ṣoṣo, tí iṣan pupa ta káàkiri inú rẹ̀, ó gba gbogbo ògiri. Wọ́n bi Dókítà léèrè irú ẹranko tó jẹ́. Ó ní òun kò tí ì rí irú rẹ̀ nínú ìwé. Ìkejì, aṣọ funfun ló bo gbogbo rẹ̀. Etí aṣọ náà ni mo rí, tí mo fi òwú búlúù rán fúnra mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ìkẹta, ìdí ènìyàn ni, tó tẹ̀ síwájú kámẹ́rà, tí ìgbálẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo mọ ìdí náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan kọjá, gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀kẹ́rẹ́, ìdí náà padà. Ó ń padà wá ṣáá, láti ọ̀tún, láti òsì, nínú òjò, nínú oòrùn. Èyí tó gbẹ̀yìn ló burú jù. Ó fi ojú rẹ̀ hàn gbangba, ìtì igi jíjẹrà wà léjìká rẹ̀ bí ọmọ tó sùn lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Baálé mi dìde, ó wo ògiri pẹ́.

"Ọ̀gá," ó ní, "ọkùnrin yẹn, fìlà mi ló dé." Ó tún wò ó. "Èmi ni."

Obìnrin tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ti jáde o. Ọ̀gá tú táì rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ó ní kí baálé mi máa lọ sílé, kó má ṣe dé ẹ̀yìn adágún mọ́ títí òjò yóò fi dá. Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Nígbà tó rántí bí àkókò tó kù ti kéré tó, ó wá di ẹkún lóòótọ́. Ó nu ojú, ó bẹ Ọ̀gá pé kó fi Bàbá sílẹ̀ fún òun ná. Ó mú wa lọ sínú igbó.

Ìtì igi kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀, èyí tó gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fi ọ̀bẹ là á. Mo fò sẹ́yìn. Ikán wà níbẹ̀, èèrà wà níbẹ̀, àwọn ìdin funfun tó sanra wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń sá sókè sódò bí èrò tó gbọ́ pé ọkọ̀ ti fẹ́ lọ.

"Bàbá, kí ni àkókó ń jẹ?"

"Á máa jẹ ohun tí ẹyẹ ń jẹ."

"Èyí ló ń jẹ. Inú igi tó ti kú ló ti ń rí i. Inú igi tó ti kú ló sì ń gbẹ́ ilé sí, igi tútù le jù fún ẹnu rẹ̀."

Baálé mi yí ojú ká igbó náà. Kò sí ìtì igi, kò sí ẹ̀ka, kò sí ewé. Ó mọ́ bí àwo tí a fọ̀.

"Èmi ni mo wó ilé rẹ̀," ó ní.

Dókítà kò purọ́ fún un pé kì í ṣe òun. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Ó dúró tì í ni.

"Mo sì ń bú àwọn ọmọ onírédíò."

A ti fẹ́ máa lọ nígbà tí Dókítà bi í pé ta ló ń gbá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ọ̀hún. Ó ní kò sí ẹnì kankan, orúnkún òun kò gbà á, kí ó jọ̀wọ́ má ṣe wo ibẹ̀. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Dókítà ti ń gun òkè. A gbọ́ tó ń yọ̀ ṣubú, a gbọ́ tó ń dìde. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ dé imú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọmọ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ìtì igi rẹ̀ pé lórí òkè, kòkòrò kún inú wọn fọ́fọ́. Ó ṣàlàyé fún wa pé igi kan náà ló wà lókè àti nísàlẹ̀, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn, ìgbálẹ̀ nìkan ló yà wọ́n. Ó ní àwọn onímọ̀ mìíràn ń fẹ́ irú ìfiwéra báyìí, wọn kì í rí i, nítorí wọn kì í rí ẹni tí yóò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbá igbó láìsinmi. Baálé mi kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́.

Ó tún ní òun ti gbọ́ ohùn àkókó ní itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà ní òdìkejì títì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ráhùn. Bí oúnjẹ bá wà ní tiwa, kò ní ṣòro fún un láti fò kọjá wá. Ohun tó kù ni pé kí ìsàlẹ̀ náà dà bí òkè, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan igi òkú náà.

Báyìí ni wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ baálé mi. Dókítà fi ọ̀nà ẹsẹ̀ nìkan sílẹ̀ fún un láti máa gbá, kí àlejò má baà ṣubú. Ó gba ọ̀nà náà bí aláìsàn ṣe ń gba omi ẹ̀kọ. Ó wá kó àpọ́jù ìgbálẹ̀ rẹ̀ wálé. Ó gbá yàrá, ó gbá àgbàlá, ó gbá iwájú ilé aládùúgbò, títí aládùúgbò fi bi mí bóyá àna wa ń bọ̀. Bí kò bá sì gbálẹ̀, igi ló ń wá. Ó lọ bá ìyá oníbúrẹ́dì pé kó dá igi tí òun fún un padà. Ìyẹn bi í bóyá ó mọ bí a ṣe ń yọ igi kúrò nínú búrẹ́dì tí a ti jẹ, ṣùgbọ́n ó padà gbé èyí tó kù lẹ́yìn ilé fún un. Ó ya ilé ìdáná mi, ó ru igi mi tán. Lẹ́yìn náà ló yí àga onígi tí mo máa ń jókòó lé dorí kodò.

"Ìyá wọn," ó ní, "ẹsẹ̀ àga yìí ti ń jẹrà dáadáa." Ohùn tí ènìyàn fi ń yin ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní ló fi sọ ọ́. N kò rí àga náà mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá mi tún ṣẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Ewé ti bo ìsàlẹ̀ igbó, olú hù lára ìtì igi, kòkòrò dé, ẹyẹ kéékèèké dé, ṣùgbọ́n kò sí àkókó. Kánsù ti fi ọjọ́ tí wọn yóò wá ránṣẹ́. Bí baálé mi bá délé, á jókòó, á máa fi ọwọ́ gbá orí tábìlì.

Lọ́jọ́ kan kò wá jẹun ọ̀sán. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀, mo lọ wá a. Mo bá a lójú ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó dúró ṣánṣán, ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ pè é. Ó gbé ìka sẹ́nu. Mo wá gbọ́ ọ lókè orí wa, kó-kó-kó-kó. Ẹyẹ náà wà lára igi òkú, orí rẹ̀ pọ́n, ó ti gbẹ́ ihò tó gba orí rẹ̀ wọlé. Èérún igi ń já bọ́ láti ẹnu rẹ̀. Ó ń bọ́ sórí ọ̀nà tí baálé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Ó ń bọ́ sórí fìlà rẹ̀, sí èjìká rẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó fa ìgbálẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo di àdúrà mú. Ìgbálẹ̀ dúró lágbede méjì. Ó tún padà sẹ́yìn. Baálé mi gbé ojú sókè, èérún igi bọ́ sí i lójú, kò nù ún.

Kánsù dé. Dókítà fi kòkòrò òkè hàn wọ́n, ó fi ti ìsàlẹ̀ hàn wọ́n, bó ṣe rí nígbà tí ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀ àti bó ṣe rí báyìí. Ó fi àkókó hàn wọ́n lójúkojú. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá a kò lè bẹ ẹyẹ náà kó kó lọ síbòmíràn. Dókítà dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé ibi tó ti kó wá ni itẹ́ òkú, bóyá kí kánsù kúkú lọ gbọ́kọ̀ sí ibẹ̀. Igbó dúró. Wọ́n ní àwọn á wá ibòmíràn fún ọkọ̀, wọ́n ṣì ń wá a títí di òní.

Nígbà tí Dókítà ṣí kámẹ́rà fún ìgbà ìkẹyìn, baálé mi ló tún wà nínú púpọ̀ jù lọ. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, ó dúró sójú kan ni, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà lókè. Dókítà ní láti ìgbà tí òun ti ń wo ẹranko, òun kò tí ì rí èyí tó yára yí ìwà padà tó báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti yí orúkọ rẹ̀ pa dà, Jẹ́wébalẹ̀ ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kì í tètè dáhùn.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ ní kí ẹni tó ń wá ìwòsàn dìde. Mo ti dìde tán nítorí orúnkún, bí mo ṣe máa ń ṣe, kí n tó rántí igi òkú orí òkè, tí orúnkún náà ti bá wa gbà sílẹ̀. Mo jókòó. Baálé mi wò mí, ó fi ọwọ́ pa orúnkún náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo tún dìde. Mo sọ fún Ọlọ́run pé kí Ó jọ̀wọ́ wò ó sàn bó bá tọ́ lójú Rẹ̀, ṣùgbọ́n kí Ó jẹ́ kí àkókó kọ́kọ́ pa ọmọ rẹ̀ ná.